Èmi Ni Mo Tẹ Dùùrù Náà

Òkè-Ọjà,
Ìjerò-Èkìtì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, 1963.

Morẹ́nikẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé mi bá ọ ní Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi ìyá rẹ sílẹ̀? Ara tiwa le, Ayọ̀bọ́lá ọmọ mi ti ń rìn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

O rántí bí a ṣe ń du dùùrù mọ́ra wa lọ́wọ́ nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí mo ń fọ́nnu pé gbogbo Nàìjíríà ni yóò mọ̀ mí. Orin Òyìnbó aláìlọ́rọ̀ yẹn, èyí tó ń sáré bí òjò, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa jókòó sí.

Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò wá gba ohùn wa sílẹ̀. Mo tẹ orin náà, ó dùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, gbogbo ilé pé yí rédíò ká. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, “Ẹni tó tẹ dùùrù yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, ọ̀gá akọrin.” Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mà ni, Morẹ́nikẹ́! Kò mọ̀ ju kó fọwọ́ darí akọrin lọ. Ilé hó yèè. Èmi náà kúnlẹ̀, mo kí i kú oríire.

Nígbà tó ku èmi àti ọkọ mi, mo ní kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀bọ́lá, kí lo fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ṣé o fẹ́ dójú ti ẹ̀gbọ́n mi ni?”

Kò pẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ rédíò ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n yìí sí Ìbàdàn, kó wá tẹ dùùrù níwájú àwọn èèyàn ńlá. Ó ránṣẹ́ padà pé ara òun kò yá. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ. Ó rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, orúkọ mi ni wọ́n pè.”

Lánàá, mi ò lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo gbé ọmọ mi lẹ́sẹ̀, mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Wọ́n dá orin láìsí dùùrù, ohùn akọrin ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Mo ní ó di dandan kí wọ́n wá mi wàyí. Àlùfáà dìde, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará, dùùrù wa ló bàjẹ́. Olúwa yóò pèsè òmíràn.”

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ọkọ mi pàápàá ṣe é, kò wo ibi tí mo wà.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá atẹdùùrù ní Ìbàdàn, jọ̀ọ́, dárúkọ mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Hannah