Ìpàdé Tó Bẹ̀rẹ̀ ní Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹwàá, 1977

Fóòmù ìsùn mẹ́fà ni Bàbá Ìpàdé kó wálé lónìí, ó ní òun yá wọn ni. Kò sọ ibi tí n ó kó wọn sí. Ìlọrin ni gbogbo dókítà ọmọdé ń bọ̀ lọ́dún yìí — láti Èkó, Ìbàdàn, Kàdúná, Ẹnúgu — ọkọ mi sì ni akọ̀wé wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìpàdé náà sílẹ̀. Òun ló ń tẹ lẹ́tà, òun ló ń wá gbọ̀ngán, òun ló ń lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin. Ìdí rèé tí mo fi sọ ọ́ ní Bàbá Ìpàdé. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́, ẹ̀rín ni yóò rín, inú á sì tún bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Iṣẹ́ tíṣà láàárọ̀, aṣọ tábìlì ní rírán lálẹ́. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ọjọ́ Àìkú, 30

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń wo àwọn àga.

Orí àga wọ̀nyí ni ìpàdé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, 1970 — ọjọ́ ìkómọ Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí wa. Dókítà mẹ́ta wá bá wa ṣe é. Dókítà Adéọlá láti Ìbàdàn (Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é) gbé ọmọ náà sórí itan, kò sì gbé e sílẹ̀ títí iyán fi tutù. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni wọ́n ń ka àrùn tó ń pa ọmọ nílé ìwòsàn kálukú wọn. Ẹnì kan wá ní, ẹ jẹ́ ká máa pàdé lọ́dọọdún, ọjọ́ yìí gan-an, ká má baà gbàgbé. Gbogbo wa ṣe àmín.

Bọ́sẹ̀dé kò pé ọdún méjì. Èéyi ni. Nínú ilé dókítà ọmọdé! Àwọn àgbà wa láti Òmù-Àrán gbé e lọ, wọn kò fi ibẹ̀ hàn wá, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí èyí tó ń bọ̀ lè dúró. Kọ́lápọ̀ dé, ó sì dúró, mo dúpẹ́. Ni gbogbo ayé bá yí orúkọ mi padà. Ìyá Bọ́sẹ̀ di Ìyá Kọ́lá. Bàbá rẹ̀ kò dárúkọ ọmọ yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Ìpàdé ló gbé pọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kọkànlá

Bọ́sẹ̀dé ìbá pé ọmọ ọdún méje lónìí. Mo ra ata.

Ọjọ́bọ̀, 3

Ràúdátù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe tíṣà, wá láti Gàmbàrí wá bá mi dín ẹran. Ó ní àgbò ti dí ọ̀nà Ọjà-Ọba pa, Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnu mi yọ̀: mo ní Bàbá Kọ́lá ti gbàgbé ọmọ yẹn pátápátá. Ó ní, "Ìyá Kọ́lá, kò gbàgbé o. Gbígbé mì ló ń gbé e mì. Ẹ ṣe sùúrù, kádàrá Ọlọ́hun ni." Mo ní sùúrù mi ti tán. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Wọ́n ti ń dé. Ọkọ̀ ojú irin Kàdúná pẹ́. Àwọn ará Èkó sọ̀ ní Ọ̀fà Garage, eruku bo kóòtù wọn. Ilé kún dé ẹ̀yìnkùlé.

Nídìí oúnjẹ ni Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ gbé ìpàdé kúrò nínú oṣù yìí, kó bọ́ sí oṣù kẹta. Ó ní Iléyá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lé e lórí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo wo Bàbá Ìpàdé. Egungun ló ń họ jẹ. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù tó ṣì mọ̀ pé ọmọ yẹn wá sáyé. Wọ́n fẹ́ gbà á. Ṣé kí n bẹ̀ wọ́n ni? Kí ni n ó ní mo fi ń bẹ̀ wọ́n?

Ọjọ́ Ajé, 7

Wọ́n ṣí ìpàdé; ọ̀la gan-an ni ọjọ́ rẹ̀. Gbọ̀ngán kún, àwọn kan ń nàró. Ohun tí pálọ̀ wa gbà nígbà kan! Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀, ó ní Ìlọrin la bí ìpàdé yìí sí, ọmọ wa ti pé ọdún méje báyìí, ó ti ń sáré kiri, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Ìpàdé náà pàtẹ́wọ́ — mo rí i. Mo jáde lọ dúró ti mọ́tò. Inú bí mi débi pé ẹkún kò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Wọ́n ti yí i. Oṣù kẹta. Ó wọlé, ó ní, "Wọ́n ti yí ọjọ́ o," ó bọ́ bàtà, ó lọ wẹ̀. Yàrá Kọ́lápọ̀ ni mo sùn.

Ọjọ́rú, 9

Èmi ni mo fi mọ́tò Fòkisi mi gbé Ẹlẹ́rìn-ín dé gáréèjì. Lójú ọ̀nà, n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti bá wa pa ọjọ́ ọmọ yẹn rẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Kọ́lá, àwa kọ́. Ọkọ yín ló ní ká yí i. Àwáwí lásán ni Iléyá. Láti èṣí ló ti ń bẹ̀ wá. Ó ní òun ò lè jókòó sáàárín dókítà ọmọdé lọ́jọ́ yẹn mọ́."

N kò mọ bí mo ṣe wa mọ́tò délé.

Mo bá a ní pálọ̀, ó ń kó fóòmù jọ láti dá wọn padà. Mo di etí fóòmù kan mú, ó di etí kejì mú. A gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀."

Ọdún márùn-ún rèé tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, bó bá di ọjọ́ yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, n ò ní lọ síbì kankan. Èmi àti ìwọ la ó jọ jókòó."

Fóòmù bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí rẹ̀ náà la jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, a jọ ń sunkún, títí Kọ́lápọ̀ fi wá béèrè oúnjẹ.