Mo Yege Ìdánwò Ojú

Kémta, Abẹ́òkúta,
Oṣù Òkúdù, 1864.

Dìran ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú òpò, kú ariwo Èkó, kú afẹ́fẹ́ ọ̀sà, kú àìrójú wálé láti ọdún méjì. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o kàgbákò lórí omi, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ ní ilé ìtajà rí ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ lọ́rùn, a ó sì fi ojú rí ara wa, bí ojú mi bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ìyá rẹ Adépéjú kí ọ títí. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, òjò ti ṣí òrùlé ẹ̀yìn ilé wa, iyọ̀ sì gbówó lórí nítorí ogun tó dí ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, akọ̀wé ìjọ wa tó ti Sàró dé, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí náà bí o bá rí ibi tí tàdáwà dà sí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn án nìyẹn. Mo ti mú kó ṣèlérí pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni òun máa kọ, kò ní yọ, kò ní fi kún un.

O kò sí nílé nígbà tí ìjọ dá Ẹgbẹ́ Ìtọ́jú Ara sílẹ̀. Gbogbo wa ń dá owó ẹyọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú àpótí, bí ara ẹnìkan kò bá yá, ẹgbẹ́ á tọ́jú rẹ̀. Ohun rere ni, mi ò bú u. Wọ́n ń tọ́jú ibà, wọ́n ń tọ́jú egbò, ìwé òfin wọn sì sọ pé wọ́n á máa dán ojú wò, kí wọ́n sì fún ẹni tí awò ojú bá tọ́ sí ní awò, ìyẹn dígí méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀ tí wọ́n ń gbé lé imú. Inú mi dùn jọjọ, torí láti ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí ni n kò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá rẹ ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́, èmi á sì máa fi ìka táràrà wá ọ̀nà lọ́rùn agbádá. Iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọ, òun nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí aránṣọ kò bá ríran, kí ló kù tó máa ṣe? Ṣé kó jókòó sí ìta máa ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ni, èyí tí kò tilẹ̀ rí?

Wọ́n wá kéde pé oníṣègùn òyìnbó kan ń kọjá, yóò dúró ní Ìgbẹ̀ìn fún ọjọ́ kan, yóò sì ṣe ìdánwò ojú fún wa. Ìdánwò! Ta ni wọ́n fẹ́ fi ìdánwò hàn? Ṣé èmi kọ́ ni mo ka kátíkísìmù láti orí dé ìrù kí wọ́n tó rì mí bọmi? Ẹni tó kà á láìkọsẹ̀, wọ́n rì í bọmi, wọ́n fún un ní Májẹ̀mú Titun. Ẹni tó kọsẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò ó sí ti awò. Ta ni yóò kó dígí Òkè Òkun lé olódo nímú?

Mo gbọ́ pé pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ti wà ní ilé ìwé, wọ́n ti gbé e kọ́ sára ògiri. Mo bẹ Harriet, ọmọ Theophilus yìí gan-an, kó kà á fún mi, mo fún un ní òwú pupa, ó sì kọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́fà títí tí mo fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ bàbá mi. Theophilus ti dá gègé dúró. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ, ìlérí ni ìlérí ń jẹ́.

Nígbà tó kàn mí, òyìnbó fi ọ̀pá kan pátákó. Dìran, pátákó gan-an ni mi ò rí, ìró ọ̀pá ni mo gbọ́. Bó ti dún kó báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ka ìlà kìíní, mo ka ìkejì, mo ka ti ìsàlẹ̀ tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà tí àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ń ṣẹ́jú sí. Ọ̀pá kò tíì dé ibẹ̀ tí mo ti kà á kọjá. Wọ́n ní ó tó. Mo ní kò tíì tó, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Túbọ̀sún àgbẹ̀ tó tẹ̀lé mi kò dá ẹyọ lẹ́tà kan mọ̀, ó kàn ń ṣe ìn-ín ìn-ín, mo sì káàánú ẹ̀, mo ní ó mà ṣe o, ọ̀lẹ ò dára.

Wọ́n gbé awò fún Túbọ̀sún. Túbọ̀sún tó ń gbin iṣu! Iṣu wo ló ní ihò abẹ́rẹ́?

Mo tọ Theophilus lọ. Ó ní awò kì í ṣe ẹ̀bùn, pé ẹni tó bá kùnà ni ẹgbẹ́ ń fún. Mo ní kò burú, mo ti kùnà, n kò rí nǹkankan. Ó ní ìwé ti sọ pé mo rí, òyìnbó ti fọwọ́ sí i, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ́n. Ìwé kì í purọ́ kẹ̀, ojú mi ló ń purọ́. Bí mo ti ń jáde ni mo forí sọ òpó ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bá òpó náà wí gidi, torí ojú tó dára jù lọ ní Kémta kò lè forí sọ nǹkan, òpó ló yẹ kó yà lọ́nà.

Ṣùgbọ́n Theophilus kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìwé ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ó wá kí mi, àánú mi ṣe é, ó bọ́ awò tirẹ̀, ó ní kí n fi wo ayé díẹ̀. Mo gbé e lé imú. Yéè! Mo rí ewé lórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí eṣinṣin tó ń fọwọ́ rawọ́. Mo wá sáré mú agbádá Láwàlì, oníṣòwò tó ń gbé iṣẹ́ fún mi, kí n lè rí ọnà tí mo ti ń ṣe láti oṣù kan. Ọnà náà gún régé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́. Ẹni tó ti ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀tún ni mo fi ń gún abẹ́rẹ́, òsì ni ti ẹni tó ṣe èyí, mo sì rí ihò wẹ́wẹ́ níbi tó ti tú òwú mi tó wọ́. Nínú ilé wa, ìyá rẹ nìkan ló ń lo ọwọ́ òsì.

Mo pè é. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sórí ẹsẹ̀. Ó wá ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti lọ sí kíláàsì Bíbélì, òun á tú gbogbo ohun tí mo rán, òun á tún un rán, láti èṣí. Láti èṣí, Dìran! Láwàlì sì ti ń yìn mí pé bí mo ṣe ń dàgbà ni ọwọ́ mi ń dán sí i, èmi náà á wá sílé wá máa fọ́nnu fún obìnrin yìí, òun á sì kúnlẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, baálé mi.

Mo wá fi awò wo ojú rẹ̀. Ó pọ́n, ó ń ṣomi, ó ti jìn wọnú. Mo na ìka, mo bi í pé mélòó ni. Ó ní mẹ́ta. Méjì ni. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọmọ tí mo bí.

Mo ní kí Theophilus kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò tó ń bọ̀. Ó ní orúkọ ẹni tó ń dáwó nìkan ló wà nínú ìwé, èmi sì ni, òfin kò dárúkọ ìyàwó. Ó dáa. Owó tí mo ń dá, ibo ló ti wá? Láti ara aṣọ ni. Ta ló sì rán aṣọ? Theophilus ti tún dá gègé dúró, mo sì fún un láyè kó ronú.

Nítorí náà, ọmọ mi, wọ́n ní wọ́n ń ta awò ojú ní etí ọ̀sà níbẹ̀. Bá mi ra ọ̀kan, fi rán ọlọ́kọ̀ odò tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀, má ṣe dúró de owó oṣù. Ti ìyá rẹ ni. Má ra tèmi, èmi ti yege, kí n máa jẹ iyì mi. Fi owó díẹ̀ kún un fún òrùlé. Mo ti lọ bá Láwàlì lánàá, mo ti sọ ẹni tó rán aṣọ rẹ̀ fún un. Ó lanu sílẹ̀, kò gbọ́ ọ rí pé obìnrin ṣe ọnà ọrùn agbádá. Nígbà tó pa ẹnu dé, ó ní kí ìyàwó mi bá òun rán méjì sí i.

Ojú rẹ kò ní ríbi, ọwọ́ rẹ kò ní rọ, o ò ní fi ọwọ́ ẹlòmíràn jẹ oyè láìmọ̀ bíi ti bàbá rẹ. Àmín.

Èmi ni
Ọlálẹ́yẹ,
ọkọ aránṣọ.