Ìyá Texas Kò Fẹ́ Yan Ìnṣọ́ránsì Láìgbọ́ Ohùn Yín

Bàbá mi, ẹni tí kì í ju bébà nù láìkà á tán,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé a kì í kí ẹni tó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìkíni tí mo mọ̀, ti alààyè ni.

Òtútù ti dé. Ẹ̀yin lẹ máa ń yọ mí lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ táyà wínńtà láti ìgbà tí ewé bá ti ń pọ́n lórí igi. Lọ́dún yìí kò sí ẹni tó yọ mí lẹ́nu, mo sì fi falẹ̀ títí yìnyín àkọ́kọ́ fi ká mi mọ́ ojú ọ̀nà nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Oakville. Mo ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú. Mo ti wá pààrọ̀ rẹ̀ báyìí.

Ilé wa ní àdúgbò Jane and Finch ní Toronto níbí wà bó ṣe wà. Lífìtì apá òsì tún ti kọṣẹ́. Àwọn bébà ìpolówó ṣì ń kún inú àpótí lẹ́tà wa nísàlẹ̀, ti písà, ti àwọn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kó gbogbo wọn wálé, tí ẹ ó wọ dígí, tí ẹ ó sì kà wọ́n láti òkè dé ilẹ̀? Ẹ ní ẹni tó kọ ọ́ ti làágùn, kò yẹ kó làágùn lásán. Iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Ìbàdàn kò fi yín sílẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Èmi kì í kà wọ́n. Mo ń dà wọ́n nù síbẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé mo yan ẹnì kan jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ìyá Texas, ẹ̀gbọ́n yín, ni.

Bí ẹ ṣe mọ̀, gbogbo ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́ ni àsìkò ìnṣọ́ránsì wọn máa ń dé. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò ìlera Medicare fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ aládàáni náà ń bá ìjọba ṣe é, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń yí i padà. Ní ìpínlẹ̀ Texas nìkan, wọ́n pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Ojú Ìyá Texas kò ríran kàwé dáadáa mọ́, wọn kò bímọ, ọkọ wọn sì ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo lẹ wá di ojú fún wọn láti Toronto níbí. Ẹ ó jókòó sí tábìlì ilé ìdáná lówúrọ̀ Sátidé, ẹ ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ẹ ó gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ẹ kì í rántí ṣáàjì tiyín, ẹ ó sì máa ka pláànù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka Bíbélì.

Mo máa ń gbọ́ yín láti yàrá mi. Dókítà àyà wọn lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè, bóyá ó wà lára àwọn tí pláànù náà ń sanwó fún. Lẹ́yìn náà, oògùn. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn. Bí Ìyá Texas bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èyí ní ìtọ́jú eyín, èyí ní dígí ojú, èyí ní káàdì tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ènì nìyẹn, ẹnìkan kì í tìtorí ènì ra ọjà tí kò dáa. Wọn ó bú yín díẹ̀, wọn ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ lọ́dọọdún pé, Àjàní, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èwo ni kí n mú? Èyí tí ẹ bá dárúkọ náà ni wọ́n máa ń mú.

Lọ́dún yìí, iléeṣẹ́ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn kò ní ṣe pláànù yẹn mọ́ ní àdúgbò wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ yan òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ọdún bá yí, kò ní sí ohun tó máa bá wọn san owó oògùn àyà. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n sọ fún Àjàní.

Bàbá mi, Ìyá Texas kò mọ̀ pé ẹ ti kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, Bàbá Kékeré, àbúrò yín tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá, ni mo kọ́kọ́ pè ní Ìbàdàn. Ó ké, ó ké, nígbà tó dákẹ́ tán, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé Ìyá Texas kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó ní a kì í sáré túfọ̀ àbúrò fún ẹ̀gbọ́n, pàápàá ẹ̀gbọ́n tí àyà rẹ̀ kò gbé e. Àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n sọ pé ẹ ti lọ sílé, pé ẹ wà lóko lẹ́yìn Ìsẹ́yìn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo ní ó dáa.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè ni wọ́n ń kí yín. Wọ́n ní kí ẹ má jókòó síbi atẹ́gùn. Wọ́n ní kí ẹ má jẹ ẹ̀wà lálẹ́. Èmi náà á ní Bàbá mi ti gbọ́, wọ́n ní ẹ ṣeun. Ẹ mọ ohun tó burú níbẹ̀? Ó máa ń dùn mọ́ mi. Nínú gbogbo ayé, Ìyá Texas nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀ yín bí ẹni tó wà. Àwọn ará ìjọ tó ń gbé ìrẹsì wá nígbà tí a sin yín ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, n kò sì bá wọn jà, òtútù ń mú, ṣíìfù iṣẹ́ pọ̀. Mo máa ń pa fóònù tán, n ó sì jókòó síbẹ̀ bíi pé lóòótọ́ ni ẹ wà lóko, bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìṣòro wa.

Nítorí náà, èmi ni mo jókòó sí tábìlì yín lọ́dún yìí. Pláànù tí mo kọ́kọ́ rí dùn mọ́ mi nínú. Wọn kì í gba nǹkan kan lóṣù, wọ́n ń tọ́jú eyín, wọ́n ń fún wọn ní káàdì oúnjẹ, wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ wá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti fẹ́ pe Ìyá Texas kí n tó rántí ènì. Mo bá pe ọ́fíìsì dókítà wọn. Obìnrin tó gbé fóònù ní láti oṣù Kìíní, àwọn kò ní gba pláànù yẹn mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n gba dókítà tó ti mọ àyà wọn látọjọ́ pípẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí káàdì oúnjẹ.

Èkejì gba dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà kí wọ́n tó lè gba ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọn. Ẹ̀kẹta ń gba owó díẹ̀ lóṣù, kò ní káàdì, kò ní ọkọ̀, ìtọ́jú eyín rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n dókítà wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìtòsí wọn wà níbẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín kí n lè ní kí ẹ wá bá mi wò ó. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé èyí tí ẹ mú dára? Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?

Nígbà tí mo kà á fún Ìyá Texas, wọ́n tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá béèrè ohun tí ẹ sọ. Mo ní ẹ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn kò ní mú nǹkan kan títí àwọn yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu yín, àní bó jẹ́ pé orí igi ni ẹ máa gùn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé e. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Òmíràn wọlé. Wọn kò yí ohùn padà.

Mo pe Bàbá Kékeré, mo sọ ọ̀rọ̀ pláànù kẹta náà fún un, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká túfọ̀. Ó ní kò tíì yá.

“Ṣé o mọ̀ pé ohùn èmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi ò yàtọ̀? Conference call náà ni. Two minutes, màá ní kí wọ́n mú number three, ó parí.”

Ó yẹ kí n ti kọ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò kọ̀. Ọjọ́ ti ń lọ, mo sì ń ro oògùn.

Lówúrọ̀ Sátidé, mo pe Ìyá Texas, mo sì fi Bàbá Kékeré kún un. Mo ní Bàbá mi ti wà lórí fóònù. Ìyá Texas kígbe pe Àjàní, ayọ̀ tó wà nínú ohùn wọn, n kò lè ròyìn rẹ̀ fún yín. Bàbá Kékeré wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ lówúrọ̀ kí ẹ tó pè mí pé omi tíì ti gbóná.

Bàbá mi, ẹ̀yin ni. Èmi tí mo mọ òtítọ́, èmi tí mo da yẹ̀pẹ̀ lé yín lórí, inú mi dùn. Ó pẹ́ tó bí ẹni ṣẹ́jú, mo sì ti dìde lórí àga. Nígbà tó kúrò lára mi, ẹ tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá rí ohun tí a fẹ́ ṣe fún obìnrin àgbàlagbà yẹn. Mo já ìlà Bàbá Kékeré kó tó sọ gbólóhùn kan.

“Màámi, ẹ má bínú. Bàbá mi kọ́ nìyẹn. Bàbá mi ò sí lóko. Wọ́n ti lọ láti ìparí òtútù tó kọjá.”

N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Mo ti ń wá nọ́ńbà aládùúgbò wọn nígbà tí ohùn wọn dé, ó lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró.

“Ta ló wà pẹ̀lú ẹ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọn nọ́ọ̀sì tó dúró tì yín. Wọ́n dá mi dúró.

“Mi ò béèrè Àjàní. Ìwọ. Who was with you?”

Mo ní kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ní láti ìgbà náà ńkọ́. Mo ní kò sí, Màámi. Ìgbà yẹn ni wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà sì sun ún, irú èyí tí n kò tíì sun láti ọjọ́ yẹn. Inú bí wọn gidigidi. Wọ́n ní a ti jẹ́ kí àwọn máa kí òkú bí ẹni kí alààyè, a sì fi ọmọdé kan ṣoṣo sídìí òfò tó yẹ kí àgbà bá a gbé. Bàbá Kékeré gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Àyà wọn gbé e, Bàbá. Ìyẹn ni gbogbo wa kò mọ̀ nípa wọn.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n tún àwọn pláànù yẹn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á. Mo kọ́kọ́ sọ ti dókítà, mo sọ ti oògùn, mo sọ ti ilé ìwòsàn. Ìyá Texas fọn imú. Wọ́n wá pe oríkì mi, tí ẹnìkankan kò pè láti ìgbà tí ẹnu yín ti pa dé. Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èwo ni kí n mú?

Mo ní ẹ̀kẹta. Wọ́n mú un.

Ṣé ẹ̀yin náà ìbá mú ẹ̀kẹta? N kò mọ̀, ọdún tuntun ló máa sọ. Sátidé tó ń bọ̀, mo tún máa pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìnṣọ́ránsì kankan tí a fẹ́ yàn mọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe jẹun.

Ẹ sùn re o.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo, tí ẹnìkan tún ti ń pe oríkì rẹ̀.