Ohun Tí A Kò Bá Lò

Ìyá àwọn ọmọ mi, ìwọ tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta,

Mo kí ọ o. Ara mi le. Ilé ọmọ wa obìnrin yìí rẹwà: ògiri funfun, ilẹ̀ pákó, àga pákó, aṣọ fèrèsé òwú tí wọn kò rẹ láró. Ó mọ́ ju ọkàn rẹ lọ, ìwọ tó ń fi ẹran pamọ́ kí n má baà rí i jẹ. Òfin ọmọ wa ni pé ohun tí a kò bá lò gbọ́dọ̀ jáde, kí ilé lè láàyè. Aago ògiri ti jáde. Mo wá àga mi títí, ọmọ wa ní, "Bàbá, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ kúkú máa ń wà."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ara mi. Mo ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́, mo ń fi òróró nu tábìlì. Tí ọkọ rẹ̀ bá wọlé, mo ń dìde bíi ṣọ́jà. Má rẹ́rìn-ín.

Lánàá, wọ́n mú mi lọ wo ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Pákó ibẹ̀ náà dára. Ọmọ wa ní, "Bàbá, ẹ wo bó ṣe pa rọ́rọ́." Mo dápàárá títí gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò fìdí kan bẹ́ẹ̀dì wọn.

Láàárọ̀ yìí, mo ti gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jí.

Bá mi kí àbúrò mi. Àga mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lọ́dọ̀ rẹ, jọ̀ọ́, máa jókòó lé e lójoojúmọ́.

Èmi ni, ọkọ rẹ tó ṣì wúlò.