Orí Bàbá Kẹ́mta Tí Ẹ Là Nínú Afẹ́fẹ́

Ìjemò, Abẹ́òkúta

Fàòsíyà ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó níbẹ̀, ṣé o sì ń ráyè jẹun láàárín gbogbo orí tí ẹ ń là? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n, kò sì ní jẹ́ kí iná lọ nígbà tí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ. Ara tèmi le, alihamudulilahi, àfi orúnkún. Rodiat àbúrò rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì. Òjò ìjẹta ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná wa, a ti rí ọ̀kan, ó wà lórí ilé Oyíndà aládùúgbò wa, ó ní òun rò pé Ọlọ́run ló fi ta òun lọ́rẹ.

Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé. Mo mọ̀ pé fóònù wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí ènìyàn kì í ṣe ohun tí mo lè sọ sínú afẹ́fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá lọ gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ kan ní gáréèjì Kútọ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ẹ ti rí kókó nínú orí ẹ̀gbọ́n mi Sàlàhúdíìnì, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Kẹ́mta, ni wọ́n ti fàáké kọ́rí pé àwọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀wà tó ń jóná níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé ẹ̀wà kaná, lọ́jọ́ kan wọ́n tún kí àpò sìmẹ́ǹtì kan káàárọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, inú sì ń bí wọn pé kò dáhùn, síbẹ̀ wọ́n ní kò sí ọmọ tí yóò fi orí àwọn kọ́ṣẹ́. Ni ẹbí bá ní kí n wá sí Èkó, kí n fi ojú ara mi wo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo wọlé tí mo rí ẹ̀yin dókítà mẹ́fà tí ẹ wọ awò dúdú bíi ti àwọn wẹ́dà, tí ẹ yí tábìlì òfìfo ká, tí ẹ ń fi ìka gún afẹ́fẹ́, mo rò pé ẹ̀fọn lẹ ń lé, àánú yín sì ṣe mí pé ọsibítù tó tóbi tó báyìí ò ní nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí o gbé awò náà wọ̀ mí ni mo rí orí ẹ̀gbọ́n mi lórí tábìlì, láìsí ọrùn, láìsí fìlà, tí gbogbo inú rẹ̀ hàn síta bí ìbẹ́pẹ tí wọ́n là sí méjì, iṣan pupa, iṣan aláró, kókó náà sì ní àwọ̀ bí èèpo ọsàn, bẹ́ẹ̀ mo tún ń rí ìwọ àti fáànù tó wà lẹ́yìn rẹ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. O ní àwòrán ni, pé kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, pé àwòrán tí ẹ yà nígbà tí wọ́n wọnú ẹ̀rọ lẹ fi ṣe é, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tí ọ̀bẹ yóò gbà kí ọ̀bẹ tó kan ènìyàn. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè torí pé ó ku orí nìkan kí n má kí ẹ̀gbọ́n mi.

Mo jókòó, mo ń kà á. Ẹ la orí yẹn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Máyọ̀wá tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ fi ìka kan iṣan pupa, gbogbo afẹ́fẹ́ pọ́n, ẹ̀rọ dún, Dókítà Herbert ọ̀gá yín ní ẹni yẹn ti kú, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀. Orí náà padà dé bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Máyọ̀wá tún pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ló gba òkè etí wọlé, tó yọ kókó náà, mo sì rí i tí gbogbo yín mí.

Bí mo ṣe dé Kẹ́mta, mo jíṣẹ́ bí mo ṣe rí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti la orí yín lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ẹ kú lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, láti ìgbà náà ẹ ò tíì kú mọ́. Inú bí wọn gan-an. Wọ́n ní ọjọ́ wo, mo ní Àtàláátà, wọ́n ní òótọ́ ni, òòyì kọ́ àwọn lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà. Kùdírátù ìyàwó wọn ní wọn ò jẹun ọ̀sán ni. Wọ́n wá pè mí sẹ́yìnkùlé, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n béèrè bóyá awò yẹn máa ń fi èrò ọkàn hàn, torí opó kan wà tí àwọn ti ń rò láti ọdún tó kọjá bóyá kí àwọn fẹ́. Mo ní mi ò rí opó kankan níbẹ̀, omi àti okùn ni mo rí. Wọ́n mí kanlẹ̀. Má sọ fún Kùdírátù o.

Ìgbà tí a padà sí pálọ̀, wọ́n béèrè ohun tí ọmọ tó pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì ṣe lẹ́yìn náà. Mo ní ó bọ́ awò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù sì lọ jẹun, kò bá wọn lọ, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń fọwọ́ pa orí wọn títí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ewékorò fi kọjá lójú títì. Wọ́n wá ní, “Bàṣírátù, bí àwòrán orí mi bá ká a lára tó báyẹn, màá gbé orí fúnra rẹ̀ fún un.”

Wọ́n ti tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù, Kùdírátù ló kà á fún wa. Fọ́ọ̀mù béèrè bóyá wọ́n ní álájì, a kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Níbi tó ti béèrè ohun tí wọ́n ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, a kọ Tòyótà.

Àlàmísì tó ń bọ̀ la máa dé. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, wọ́n ní orí tó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn, ìjókòó iwájú méjèèjì làwọn fẹ́. Awakọ̀ ni kí o fi rán, má gba báǹkì, torí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n sọ orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ, mo sì ní mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá Kẹ́mta nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ sì ni. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí ìyá wa kú, kò sí fọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ mi, inú orí ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo wá ìyá wa nínú awò yẹn títí, mi ò rí wọn. Ẹ̀yin tí ojú yín ti mọ ibẹ̀, tí ẹ bá rí wọn, ẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ọlọ́run á tọ́ ọwọ́ yín. Á jẹ́ kí ọmọ tí o máa bí mọ ohùn rẹ dáadáa. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bàṣírátù