Ṣọ́ọ̀bù Máṣíìnì Tó Gbẹ̀yìn

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù máṣíìnì tó gbẹ̀yìn nílùú. Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: ẹ wá wa sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó parí. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí mo kúrò nílé ìwé okòwò, tí mo ra máṣíìnì mẹ́fà, alùpùpù ni o, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé ìwòsàn gbé ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò lọ sí láàbù. Ọ̀kan di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ọ̀kan di ibi ìgbọ́kọ̀sí òtẹ́ẹ̀lì. Ìkẹta rèé.

Mi ò ní sunkún. Èmi akọ̀wé ni mo dìde nípàdé ẹgbẹ́ àwa oní-máṣíìnì lọ́dún tó kọjá, tí mo ní ká yéé rajà lọ́wọ́ wọn, ká máa béèrè tààrà lórí ẹ̀rọ. Ìdádúró ń pa iṣẹ́, mo ní. Gbogbo wọn nawọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò nawọ́ — ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹni tó ń ta sípíà níbẹ̀, Bàbá Dúró-Ná ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ohunkóhun tí èèyàn bá bi í, "dúró ná" ló máa kọ́kọ́ sọ. Ó dàbọ̀ o, Bàbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Máṣíìnì kẹrin kú sójú ọ̀nà òkè. Pílétì kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán: ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí. Ẹ̀gbọ́n ló ń gùn ún. Kò sẹ́lòmíì tó mọ ọ̀nà yẹn. Ó tì í wálẹ̀ láti ìdajì òkè, gbogbo ara rẹ̀ rin gbindin.

Mo tẹ nọ́ńbà férémù, èyí tó wà lára egungun máṣíìnì, sórí ẹ̀rọ, mo béèrè pílétì tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà. Ṣé mi ò sọ? Kò sí ẹni tó ní kí n dúró ná.

Ọjọ́rú, 4

Márùn-ún ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lágbára tó láti gun òkè yẹn. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń nu àṣíborí tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ọ̀gá láàbù pè. Ilé ìwòsàn aláboyún kékeré orí òkè ò rí ẹni gbé ẹ̀jẹ̀ wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Mádàámù, ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ ń wá sípíà o." Ó ní bó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́, tí ọ̀nà òkè ò tíì padà bọ̀ sípò, àwọn tó ń fi ọkọ̀ fáànù kẹ́rù lòun máa gbé e fún.

Fáànù ò lè gun òkè yẹn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n á dúró sí, kí àwọn aláboyún máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n tán nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ta ló fẹ́ gbà á?

Ọjọ́ Ajé, 9

Ẹrù dé, ọjọ́ mẹ́fà géérégé. Mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Mẹ́káníìkì wa tú ẹ́ńjìnnì, ó gbé pílétì síbẹ̀, ó yọ ọ́, ó tún gbé e síbẹ̀. Kò wọlé. Ó tóbi jù.

"Àǹtí, ta ló sọ fún yín pé férémù yìí ló ni ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀?"

Mo wá rántí. Ọdún tí àgbàrá wọ gáréèjì. Máṣíìnì mẹ́ta mumi yó. Bàbá Dúró-Ná ló ṣa ẹ́ńjìnnì tó ṣì dáa, tó kó wọn sínú férémù tó bá gbà wọ́n. Ó fẹ́ kọ ohun tó wọ ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n dúró ná. Mo ní kó ṣe é bó ṣe wù ú, kí wọ́n ṣáà jáde lọ́la. Mo buwọ́ lùwé láì kà á. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́? Ó ti dógùn-ún, kò ṣeé kà mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo dá ẹrù padà. Ẹ̀rọ fèsì pé: a dúpẹ́ fún sùúrù yín. Sùúrù ta?

Ọjọ́bọ̀, 12

Mẹ́káníìkì ha pílétì àtijọ́, ó dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì. Kò dá a lójú. Èmi ni mo ní ká dán an wò. Èmi ni.

Ẹ̀gbọ́n gun òkè dé ìdajì. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, ó gbé e ṣubú. Orúnkún. "Kò sí nǹkan tó ṣe mí o. Má wulẹ̀ fojú yẹn wò mí." Ó ń tiro.

Ìyàwó rẹ̀ pè mí nírọ̀lẹ́. Kò pariwo — ì bá sàn kó pariwo. "Àǹtí, bó bá jókòó sílé, àjà ló ń wò látàárọ̀. Bó bá jáde, èmi ni mò ń wo aago. Ẹ bá mi mú ọ̀kan."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo wá Bàbá Dúró-Ná lọ sílé. Òpópónà kejì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ kan. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ní dúró ná. Ó kan ìṣó mẹ́ta tán kó tó bojú wẹ̀yìn. Mo dúró sínú oòrùn.

Mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní báwo ló ṣe ń dún. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. "Rárá o. Dún bíi tiẹ̀ kí n gbọ́." Èmi tí mo gboyè okòwò, mo dúró láàárín ìta, mò ń ṣe pọ̀-pọ̀-pọ̀-kẹ̀. Àwọn ará ilé yọjú lójú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì máṣíìnì pupa ọdún àgbàrá yẹn ni, òun mọ̀ ọ́n, káádì tí òun kọ ohun tó wọ̀ ọ́ sí ńbẹ nílé. Gbogbo ẹni tó bá ń rajà lọ́wọ́ òun ló ní káádì, nínú agolo bísíkíìtì. Iléeṣẹ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù ò béèrè wọn, òun náà ò sì fún wọn.

"Mo máa wò ó."

Mo ní nígbà wo, sà?

"Ìwọ ọmọ yìí ò lè yí padà láéláé."

Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Ìpàdé ẹgbẹ́. Àwa mẹ́tàdínlógún péré. Ẹnì kan ti tú tirẹ̀ tà bí irin pàǹtí. Ẹnì kan ní okùn bíréèkì òun, okùn ìsáṣọ ni, ó sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan láti ẹ̀yìn: "Akọ̀wé, ẹ̀rọ ayélujára yín ńkọ́? Ẹ ní kó wá gbé wa relé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ṣí ìwé ìpàdé ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ mi ńbẹ níbẹ̀: mo dúró de bíréèkì fún ọjọ́ mẹ́rin. Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan. Nínú ọdún mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ajé, 16

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, pílétì kan ṣoṣo là ń wá. Wọ́n ní gbogbo ọjà ń padà sọ́dọ̀ àwọn, ká béèrè lórí ẹ̀rọ. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè bínú.

Ọjọ́rú, 18

Aago méje la ti débẹ̀, èmi, Ẹ̀gbọ́n, mẹ́káníìkì. Àwọn tó wá kó ẹrù ò ṣe ìkà, ìwé ọwọ́ wọn ṣáà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ohun tó bá wà nínú ìwé, wọ́n á gbé e.

Bàbá Dúró-Ná dé ní aago mẹ́jọ, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó wá jókòó sábẹ́ igi. Ó kọjá sẹ́yìn káńtà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí kan jáde. Ọ̀gá wọn yẹ ìwé wò: páálí náà ò sí níbẹ̀. Bàbá ní kò lè sí níbẹ̀, owó ara òun lòun fi rà á.

Pílétì, bíréèkì, okùn, ti máṣíìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí gan-an. Eruku bo gbogbo rẹ̀. Ó na káádì sí mi. Kò sí orúkọ mi lórí rẹ̀. Orúkọ tó sọ mí ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú bírò:

Kì-í-Dúró. Máa ra sípíà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé.

Ọdún mọ́kànlá. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló ń yá.

Mo ní kí ló dé tẹ́ ò tà á fẹ́lòmíì nígbà tí a ò wá mọ́? Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa padà wá." Ẹ̀gbọ́n tún ń wo bàtà rẹ̀.

Mo sanwó gbogbo páálí náà lójú ẹsẹ̀. Mi ò rí ojú wo Bàbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ẹ̀gbọ́n gùn ún dókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dé láàbù láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá láàbù ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí fóònù: Ẹ ṣé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Mo tú páálí náà wò. Pílétì máṣíìnì kẹrin ku ẹyọ kan. Bó bá lo ìyẹn tán, kò sí òmíràn.

Mo padà lọ bá Bàbá. Mo ní kó wá bá wa ṣiṣẹ́, àga tiẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, agolo bísíkíìtì tiẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ó ń di báàgì. Ó ní òpin oṣù lòun fẹ́ mú bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun. Bàbá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Dúró ná," ó ní. Àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo fi í sínú báàgì. Mò ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí.