Ife Mẹ́rin Yí Ìkòkò Ká

Lyon, ilẹ̀ Faransé
Oṣù Kọkànlá, 1999

Ìyá Tẹniọlá, aya mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Inú mi dùn pé àwọn ṣọ́jà ti padà sí bárékè. O ní kò sẹ́ni tó tún ń wá mi nítorí ìwé tí mo tẹ̀ bú wọn ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Bajulaiye, pé kí n máa bọ̀ nílé. Màá bọ̀. Ẹrù ló ń dá mi dúró.

Ohun èlò ọtí àtijọ́ kan ni mo ń kó jọ. Ábísáǹtì ni wọ́n ń pe ọtí náà. Ó láwọ̀ ewé, ó sì korò bí ewúro. Mo ti ní ṣíbí oníhò tí wọ́n ń gbé ṣúgà lé, àti ìkòkò dígí olómi tó ní táàpù mẹ́rin. Bí omi bá ń kán lórí ṣúgà bọ́ sínú ife, ọtí náà á funfun bí omidùn. Má sọ fún pásítọ̀ o!

Má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Òtútù ni. Níbi iṣẹ́ pàápàá, wọ́n ní kí n lọ sinmi ná.

O béèrè bóyá mo ń dá wà. Rárá o! Nírọ̀lẹ́, mo máa ń to ife mẹ́rin yí ìkòkò náà ká: tèmi, tìrẹ, ti Tẹniọlá, ti Iṣẹ́olúwa àbúrò rẹ̀. Màá ṣí táàpù fún kálukú, màá sì pè yín lórúkọ. N kì í jẹ́ kí ti ẹnikẹ́ni ṣòfò.

Bá mi kí Màmá ní Abúlé Òkúta. Sọ fún Iṣẹ́olúwa pé ṣúgà méjì ni mo máa ń fi sí tirẹ̀, òun ni mo sì máa ń mu kẹ́yìn.

Ọkọ rẹ,
Ògúnmọ́lá